Òwú Búlúù Létí Aṣọ Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ọwọ́ mi ò tíì tó okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹnu mi kì í sinmi. Ẹ̀yin ọmọ yìí ò lè gbà mí gbọ́, torí èmi tí ẹ mọ̀ yìí, tí mo bá ti kí yín láàárọ̀, ó lè di alẹ́ kí n tó tún sọ̀rọ̀. Màmá yín àgbà máa ń sọ pé ó tó ọdún mẹ́ta tí òun ti fẹ́ mi kí òun tó mọ bí ohùn mi ṣe rí. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ẹyẹ ìbákà ni àwọn ará àdúgbò ń pè mí. Ohun tó pa ẹnu ìbákà mọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti sọ ọ́ rí.

Ìlú kékeré kan lọ́nà Ìjẹ̀bú là ń gbé. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni tiwa, èyí tí a ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé. Amọ̀ ni ògiri ẹ̀, páànù ló wà lórí ẹ̀, iyanrìn odò la sì ń tẹ́ sílẹ̀. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi fẹ́ràn ilé àdúrà yẹn ju ilé tí à ń sùn lọ. Òun ló ń gbá a, òun ló ń pọnmi sí i. Tí wọ́n bá kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin ni ìyá mi máa gbà. Ẹ má rò pé ó máa ń fajú ro o. Tí wọ́n bá dá orin báyìí, òun ló ń kọ́kọ́ dìde, òun ló sì ń jókòó kẹ́yìn.

Fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ rán aṣọ funfun tó ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, òwú funfun tán, ló bá fi òwú búlúù ká etí ìsàlẹ̀ yípo. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé ọ̀run tó ń lọ, ọ̀nà odò ló máa gbà. Ó ní ẹ jẹ́ ó rí bẹ́ẹ̀, òun mọ̀ ọ́n wẹ̀. Tó bá ń jó, èmi tí mo kúrú, òwú búlúù yẹn ni mo máa ń rí tó ń lọ tó ń bọ̀ níwájú ojú mi.

Òfin ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà yẹn ni pé a kì í lo oògùn. Ì báà ṣe àgbo, ì báà ṣe ti òyìnbó. Omi tí wọ́n gbàdúrà sí ni oògùn wa. Ẹni tó bá lo òmíràn, wọ́n ní ó ti sọ pé Ọlọ́run ò tó. Wòlíì kékeré kan ló di òfin yìí mú ju gbogbo wọn lọ. Kò tíì ju ẹni ogún ọdún lọ. Ó ga, ohùn ẹ̀ dùn, ó sì máa ń wúkọ́ ẹ̀ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Àwa ọmọdé máa ń sín in jẹ lẹ́yìn ilé.

Mo lè tó ọmọ ọdún méje nígbà tí òtútù àyà mú àbúrò mi obìnrin. Ọmọ ọwọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbàdúrà lé e lórí. Ìyá mi gbààwẹ̀ títí omi ọmú ẹ̀ fi gbẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo rí i tó fi etí lé àyà ọmọ náà, ó gbé etí kúrò, ó tún fi lé e. Ó pọ̀n ọ́n, ó fà mí lọ́wọ́, a fẹsẹ̀ rìn dé dìsìpẹ́ńsárì ìlú kejì. Nọ́ọ̀sì gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, ó sì fún wa ní oògùn olómi pupa nínú ìgò. Nígbà tí a délé, ìyá mi ri ìgò yẹn mọ́ inú ìkòkò gàrí. Ó wò mí lójú, ó ní, "Má sọ fún èèyàn kankan." Mo ní mo ti gbọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó.

Sọ́ńdè dé, ó kan àkókò ìjẹ́rìí. Ẹ̀yin náà mọ ìjẹ́rìí, kéèyàn dìde kó sọ oore tí Ọlọ́run ṣe fún un. Wọ́n ti kọ́ àwa ọmọdé pé tí a bá ń jẹ́rìí, kì í ṣe èèyàn là ń bá sọ̀rọ̀, Ọlọ́run ni. Èèyàn kàn wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ ni. Mo rò ó wò. Ìyá mi ní kí n má sọ fún èèyàn. Kò ní kí n má sọ fún Ọlọ́run. Ni mo bá dìde. Mo ní kí wọ́n bá mi yin Olúwa, wọ́n yìn ín. Mo wá ní mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi abẹ́rẹ́ àti oògùn pupa inú ìkòkò gàrí wa wo àbúrò mi sàn.

Kò sẹ́ni tó ní halelúyà.

Obìnrin tó bá ìyá mi gbé ọmọ dání rọra gbé ọmọ náà kalẹ̀ sórí iyanrìn, ó sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wòlíì wúkọ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ó pe ìyá mi síwájú. Ó bi í pé ṣé òótọ́ lọmọ yìí sọ. Ìyá mi ní òótọ́ ni.

"Bọ́ aṣọ Ọlọ́run sílẹ̀."

Ìyá mi jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń bá ọmọ ẹ̀ wí. Ìyá mi bọ́ ọ níbẹ̀, lójú gbogbo wa. Bùbá tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti ya léjìká. Ó fi ọwọ́ kan bo ibi tó ya, ó fi ọwọ́ kejì ká aṣọ funfun náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́ tán, ó sì gbé e dání títí a fi délé. Wòlíì ní láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹnu ọ̀nà ni ìjókòó ẹ̀, níbi tí à ń bọ́ bàtà sí.

Mo ń retí ẹgba nílé. Kò nà mí. Mo ń sunkún, mo ní mi ò sọ fún èèyàn. Ó ní òun mọ̀. Ó bu gàrí fún mi, ó jókòó tì mí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Ayọ̀ tí kò bá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, ayọ̀ àlejò ni, kì í sùn nílé. Mo ní ọmọ méjì láàárọ̀ yìí, mo ṣì ní ọmọ méjì. Aṣọ ni wọ́n gbà."

Ẹnu mi ti pa mọ́ láti ọjọ́ náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò dìde jẹ́rìí mọ́ níbikíbi.

Ẹ máa rò pé ìyá mi máa wá ṣọ́ọ̀ṣì míì lọ. Kò lọ. Gbogbo Sọ́ńdè ló ń jókòó láàárín bàtà. Tí òjò bá ń rọ̀, omi orí páànù á máa kán sí i lẹ́yìn. Tí wọ́n bá dá orin, á dìde níbẹ̀, á jó níbẹ̀, ohùn ẹ̀ á sì bo ti àwọn tó wà nínú ilé. Àwọn kan ní kò nítìjú. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo rí ojú ẹ̀, kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Inú ẹ̀ dùn ni. Ìdùnnú ẹ̀ gan-an ló ń bí mi nínú jù. Mo fẹ́ kó bínú. Nígbà tí kò bínú, mo bá a bí i.

Nígbà tó fi máa kú, mo ti ń wọ ṣòkòtò gígùn, wòlíì yẹn ló sì ti ń darí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mọ̀ pé aṣọ funfun là ń wọ̀ fún òkú wa. Mo gbé aṣọ ìyá mi tọ̀ ọ́ lọ, mo dọ̀bálẹ̀. Ó wúkọ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ó ní ẹni tó bọ́ aṣọ Ọlọ́run láyé, kò lè wọ̀ ọ́ lọ sọ́run. Ìró aláwọ̀ ewé la fi sin ín. Mo gbé aṣọ funfun padà sílé. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo kó o, mi ò gbàgbé. Mo bẹ Ọlọ́run kó má jẹ̀ẹ́ kí ọkùnrin yẹn kú kí n tó rí i.

Àbúrò mi dàgbà, ó di nọ́ọ̀sì. Òun ló mú mi wá sí Woolwich nílùú òyìnbó níbí, òun náà ni ẹ̀ ń pè ní Màmá Birmingham yẹn. Mo fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì títí orúnkún mi fi kọ̀ fún mi. Morris Walk ni a kọ́kọ́ gbé, níbi tí wọ́n ti ń wó ilé báyìí tí wọ́n ń kọ́ tuntun. Níbi gbogbo tí mo kó lọ, aṣọ yẹn wà lórí wọ́ọ̀dùróòbù nínú nálọ́ọ̀nù. Ẹ ti rí nálọ́ọ̀nù yẹn, ẹ kàn rò pé bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ni.

Ẹ mọ gbọ̀ngàn tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lò ní Thamesmead, téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Harrow Manorway tó fẹsẹ̀ rìn wọ inú. Ẹ sì máa ń béèrè ìdí tí mo fi ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀, nígbà tí hítà wà níwájú. Gbogbo ìgbà ni àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé, "Daddy, ẹ bọ́ síwájú." Mi ò kúrò níbẹ̀. Ìjókòó ìyá mi ni.

Ní ọdún tó kọjá, obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ kéà, ìyẹn títọ́jú àwọn arúgbó, tó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ti bàbá ẹ̀ wọlé nínú kẹ̀kẹ́ arọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé láti Nàìjíríà ni. Torí kẹ̀kẹ́ ò lè gba àárín ìjókòó, ẹ̀gbẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ló gbé e sí. Bàbá náà ti gbẹ bí ẹja yíyan. Mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fẹ́ kí mi, ó wúkọ́ ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo yíjú padà sí i, mo wò ó dáadáa. Òun ni.

Kò mọ̀ mí. Gbogbo ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ní àkókò ìjẹ́rìí, wọ́n gbé máìkì fún un, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, oògùn ò kan ahọ́n òun rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Sọ́ńdè kejì, ọmọ ẹ̀ tẹ̀ mọ́ mi létí. Ó ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, àwa akọrin máa ń wà níwájú tí aago méjìlá bá lù. Ẹ bá mi fún Daddy ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Wọn ò fẹ́ kéèyàn mọ̀, ẹ kàn fi sí wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú omi àdúrà." Ó kó àpótí oníke pélébé kan fún mi, tó ní ojúlé méje, ojúlé kan fún ọjọ́ kan. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo lè ka méje.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀san wá bá mi nínú ilé Ọlọ́run, ó jókòó sórí itan mi.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Sọ́ńdè kan wà tí aago méjìlá lù tí mi ò fún un. Ó ń na ọwọ́ sí mi lábẹ́ aṣọ, mo ń wo pẹpẹ. Mo gbádùn ẹ̀. Mo gbádùn ẹ̀ títí wọ́n fi kọ orin kan tán. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rí i pé kò tó mi. Tó bá ṣubú, wọ́n á ní Ọlọ́run ló pè é. Wọ́n á wọ aṣọ funfun fún un. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ìyá mi wà láyé rí. Mo fi oògùn sí i lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ojú tì í níwájú gbogbo èèyàn, bó ṣe dójú ti ìyá mi.

Mo dúró de ọjọ́ ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí ẹ̀. Mo gbé nálọ́ọ̀nù aṣọ náà wọ bọ́ọ̀sì, mo sì fi àpótí oògùn sápò. Nígbà tí wọ́n ní ta ló kù tó fẹ́ jẹ́rìí, mo dìde. Gbogbo wọn yíjú padà. Wọn ò gbọ́ ohùn mi rí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ò ju kí n sọ̀tàn ìyá mi, kí n sì mi àpótí yẹn lókè kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún.

Mo sọ̀tàn náà. Mo sọ ti òtútù àyà, mo sọ ti ìkòkò gàrí, mo sọ ti bùbá tó ya. Mi ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo yọ aṣọ náà, mo tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ bàbá yẹn. Ó wò ó. Ó fi ìka wá etí ìsàlẹ̀, ó kan òwú búlúù. Mo rí i pé ó mọ̀ ọ́n. Ó gbójú sókè sí mi, ó sì dúró dè mí, bí ìyá mi ṣe dúró dè é nígbà yẹn.

Mo ti fọwọ́ kan àpótí nínú àpò. Ohun tó dá mi dúró, ẹ má rò pé àánú ni o. Kì í ṣe àánú. Ohùn ara mi ni mo gbọ́. Ẹnu kan náà ni. Ẹnu yìí ti bọ́ aṣọ funfun lọ́rùn ẹnì kan rí, ní àkókò ìjẹ́rìí, níwájú ìjọ. Wòlíì ló pàṣẹ, ṣùgbọ́n èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ìyá mi tún gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Aago ògiri kan méjìlá. Mo mú hóró kan jáde, mi ò fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi síwájú ẹ̀, lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Ó ti tó àkókò, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ mú un."

Ó wo hóró yẹn, ó wo ìjọ. Ó wúkọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ní, "Ṣé ọmọ yẹn yè?"

Mo ní, "Ó yè. Òun ló mú mi wá síbí."

Ó mú oògùn náà, ó gbé e mì.

Mo ń retí kí ilé wó. Mo ń retí kí wọ́n sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìyá kan tó jókòó níwájú wa yíjú padà, ó ní, "Ẹ ṣeun, Daddy, ẹ ti rán mi létí," ló bá ṣí báàgì ẹ̀, ó yọ tiẹ̀. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún ẹ̀ náà ń tú àpò. Ọ̀kan ní òun ti lo tòun nílé, òun ń lò ó pẹ̀lú kọfí. Pásítọ̀ ní kí a ran àwọn tí wọ́n ní ìpàdé pẹ̀lú dókítà lọ́sẹ̀ yẹn lọ́wọ́ nínú àdúrà. Wọ́n dá orin. Ìjẹ́rìí mi ti parí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó ń ká mi lára nìyí. Òfin yẹn ti kú. Mi ò mọ ọjọ́ tó kú, kò sẹ́ni tó kéde ẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣọ̀fọ̀ ẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó rántí lọ sí ẹnu ọ̀nà lọ sọ fún ìyá mi pé kó dìde kó wọlé. Ayé ti yí. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, tí imú yín bá ń ṣomi, ẹ ti dé kẹ́míìsì kí ẹ tó rántí àdúrà, ẹ ó tún wá jó ní Sọ́ńdè, ara yín á dá. Mi ò ní kí ẹ má jó. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti san án sílẹ̀ fún yín láàárín bàtà, nínú òjò, tó sì ń kọrin.

Nígbà tí ìsìn parí lọ́jọ́ yẹn, bàbá náà ò fẹ́ fi aṣọ náà sílẹ̀. Ó dì í mú mọ́ àyà. Ọmọ ẹ̀ ní, "Uncle, ẹ jẹ́ kí Daddy máa mú un lọ, ó jọ pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀." Mo ní rárá. Mo tú ìka ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbà á, mo ká a bí ìyá mi ṣe ká a.

Láti ọjọ́ yẹn, mo ń gbé e dání lọ ní gbogbo Sọ́ńdè. Tí aago méjìlá bá lù, mo máa fún un lóògùn ẹ̀ lójú gbogbo ayé, torí mi ò fẹ́ kó tètè kú. Lẹ́yìn náà, á na ọwọ́, mo máa gbé aṣọ náà lé e lẹ́sẹ̀. Á fi àtàǹpàkò máa tọ òwú búlúù yẹn lọ, títí wọ́n á fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Omijé máa ń bọ́ lójú ẹ̀ nígbà míì. Mo máa ń jẹ́ kó bọ́.

Tí wọ́n bá ti ní àmín, mo máa ń gbà á padà.